ỌWỌ́ KAN KÒ GBÉ ẸRÙ DÓRÍ: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ OWÓ JỌ́NÀ NÍ ILÉ ÌKÀWÉ WA

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Maiduguri, Ọlọ́run tó mú wa la ogun Boko Haram tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 já, tó sì tún yọ wá nínú àkúnya omi tó ti ìsédò Alau ya wọ ìgboro ní oṣù kẹsàn-án 2024, kò ní fi wá sílẹ̀ o.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí yóò ya àwọn kan lẹ́nu. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀rọ̀ owó ìwé ni, owó tí ilé ìkàwé yunifásítì ń san kí àwọn ọmọ wa tó lè rí ìmọ̀ tuntun kà. Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló kan òṣìṣẹ́ ìjọba tó gba dípúlọ́mà ní pólì nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó kàn mí, ó sì kan ìwọ náà. Àwọn ọmọ wa wà ní Yunifásítì Maiduguri, wọ́n wà ní Ramat Polytechnic. Tí ara wa kò bá yá, ilé ìwòsàn UMTH là ń sáré gbé ara wa lọ. Ohun tí dókítà kò rí kà, kò lè fi wo aláìsàn. Ohun tó bá ojú ló ń bá imú.

KÍ NI JỌ́NÀ, TA LÓ SÌ Ń JẸ ÈRÈ RẸ̀?

Jọ́nà ni ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ máa ń gbé àbájáde ìwádìí wọn sí. Bí dókítà bá rí oògùn tó ṣiṣẹ́ ju òmíràn lọ fún ibà, inú jọ́nà ni yóò gbé e sí kí àwọn dókítà yòókù lè mọ̀. Bí olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn bá rí irú ọkà bàbà tó lè fara da ọ̀dá, inú jọ́nà náà ló ń lọ. Ilé ìkàwé ló ń san owó àsansílẹ̀ lọ́dọọdún kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó lè kà á. Bí owó ọdún yẹn kò bá wọlé, òǹtẹ̀wé á ti ilẹ̀kùn.

Ẹ wá wo bí òwò náà ṣe rí. Ìjọba ló ń san owó oṣù olùwádìí, owó aráàlú sì ni. Olùwádìí kọ iṣẹ́ rẹ̀ tán, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé. Òǹtẹ̀wé fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ mìíràn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn náà sábà máa ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, òǹtẹ̀wé yí padà, ó ta ìwé yìí kan náà fún yunifásítì tó ń san owó oṣù ẹni tó kọ ọ́. Mo ti pẹ́ lẹ́ka àkáǹtì nílé iṣẹ́ ìjọba, mo sì ti rí kọ́ńtíráàtì oríṣiríṣi, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. N kò tí ì rí èyí tí ẹni tó ni iṣẹ́, tó pèsè irinṣẹ́, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, yóò tún wá sanwó kí ó tó lè wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

N kò sọ pé òǹtẹ̀wé kò ṣe iṣẹ́ kankan. Wọ́n ń tò ó, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ yẹn yẹ fún owó. Ṣùgbọ́n ẹ wo èrè. Ẹ̀ka ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ilé iṣẹ́ RELX, àwọn tó ni Elsevier, jẹ èrè tó lé ní náírà 35 lórí 100 náírà tó wọlé, ká fi náírà ṣàpèjúwe rẹ̀, lọ́dọọdún láti 2015 títí dé 2023. Èwo nínú ẹ̀yin oníṣòwò Maiduguri ló ń jẹ irú èrè bẹ́ẹ̀ lórí ọjà tí àwọn ẹlòmíràn ṣe fún un lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹ̀yin tó mọ ìpínlẹ̀ Borno yìí dáadáa mọ ìlú Lassa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Askira/Uba. Ní 1969, nọ́ọ̀sì ìjọ ajíyìnrere kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ìlú náà kó àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló sì kú sí. Wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ lọ sí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, níbẹ̀ ni wọ́n ti rí kòkòrò àìsàn náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Lassa. Ní 1970, ìròyìn ìwádìí náà jáde nínú jọ́nà ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni Lassa ti ń pa wá ní Ẹdó, ní Oǹdó, ní Bauchi, ní Taraba. Orúkọ ìlú wa ni, ẹ̀jẹ̀ èèyàn wa ni wọ́n sì fi ń ṣe ìwádìí rẹ̀. Síbẹ̀, bí dókítà wa bá fẹ́ ka ohun tuntun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ẹni ẹlẹ́ni ló ti máa ń kanlẹ̀kùn.

OHUN TÍ NÁÍRÀ FOJÚ RÍ

Ní 1980, dọ́là kan kò tó náírà kan. Ní 1986, ìjọba ológun gbé ètò SAP dé, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 460 náírà ní iye ti ìjọba. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tí 2024 fi ń parí lọ, dọ́là kan ti lé ní 1,500 náírà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní jọ́nà kan ń gba 2,000 dọ́là lọ́dún, tí òǹtẹ̀wé kò sì fi ẹyọ kọ́bọ̀ kan lé e láti ọjọ́ tó ti dé ayé. Ní 1980, kò tó 2,000 náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó di 920,000 náírà. Ní ìparí 2024, ó lé ní 3,000,000 náírà. Jọ́nà kan ṣoṣo nìyẹn o! Yunifásítì tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn, òfin, ọ̀gbìn àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀ ló nílò.

Bí ẹnì kan bá ní kí òun má san ti ọdún, kí òun ra àpilẹ̀kọ ẹyọ kan péré, 30 sí 40 dọ́là ni wọ́n sábà máa ń bù lé e. Ẹ mú 35 dọ́là ní iye owó ìparí 2024, ó di 52,500 náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó oṣù òṣìṣẹ́ kan ti lọ sórí ìwé tí kò ju ojú ewé mẹ́wàá lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì mọ̀ bóyá ohun tí òun ń wá wà nínú rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sọ fún mi pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí òun tọ́ka sí, àkótán ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan lòun rí kà. Ibi tó kù, wọ́n ní kó lọ sanwó. Ìyẹn dà bí ẹni tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tó wá ń sọ pé òun ti jẹun. Irú wọn ni a sì ń fún ní ìwé ẹ̀rí.

Kì í ṣe àwa nìkan lọ́rọ̀ yìí ń dùn. Ní 2012, ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ Harvard, yunifásítì tó lówó jù láyé, kígbe síta pé owó jọ́nà ń gba 3.75 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ àwọn lọ́dún, pé àwọn jọ́nà kan ń gba tó 40,000 dọ́là, àti pé òǹtẹ̀wé méjì ti fi nǹkan bí ìdá 145 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn láàárín ọdún mẹ́fà. Ní 2019, Yunifásítì California kọ̀ láti tún àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Elsevier ṣe. Ọdún 2021 ni wọ́n tó jọ ṣe àdéhùn tuntun. Bí ọlọ́rọ̀ bá ń sọ pé ọjà wọ́n, kí ni kí tálákà sọ?

ẸNI TÓ SAN GBÈSÈ NÁÀ

Àwọn kan á ní ìwé lásán ni, kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Làìbéríà. Lẹ́yìn tí àrùn Ebola ti jà níbẹ̀ láti 2014, àwọn aláṣẹ ètò ìlera orílẹ̀-èdè náà rí i pé àwọn olùwádìí láti Jámánì ti kọ ọ́ sínú jọ́nà ilẹ̀ Yúróòpù kan ní 1982 pé àmì Ebola wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Làìbéríà, àti pé ó yẹ kí a ka orílẹ̀-èdè náà mọ́ ibi tí àrùn náà wà. Ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ fún ọdún tó lé ní 30, àwọn tí wọ́n ń kìlọ̀ fún kò gbọ́. Ní 2015, olórí ètò ìṣègùn Làìbéríà, Bernice Dahn, àti àwọn méjì mìíràn kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn New York Times pé láti ka ẹyọ kan nínú àwọn ìwé náà yóò gba 45 dọ́là, èyí tó tó ìdajì owó ọ̀sẹ̀ kan tí dókítà ń gbà níbẹ̀. Ó lé ní 4,800 èèyàn tí Ebola pa ní Làìbéríà.

N kò sọ pé owó ìwé nìkan ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí a fi àgádágodo tì mọ́lé kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

ÀWÍJÀRE TÍ À Ń GBỌ́

Ti àkọ́kọ́ ni pé a ń rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni pé láti 2002 ni àjọ ìlera àgbáyé WHO àti àwọn òǹtẹ̀wé ti gbé ètò HINARI kalẹ̀ tó ń jẹ́ kí orílẹ̀-èdè tí kò lówó ka jọ́nà ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ló ń wà lókè. Ní oṣù kìn-ín-ní 2011, àwọn òǹtẹ̀wé ńlá kan fa jọ́nà wọn tó lé ní 2,000 yọ fún Bangladesh láìrò tẹ́lẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé ọjà ti ń yá níbẹ̀. Ìgbà tí ayé pariwo ni wọ́n tó dá a padà. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta.

Èkejì ni pé àwọn ọmọ wa ń gba ẹ̀yìn wọlé. Wọ́n ń lo Sci-Hub, èyí tí Alexandra Elbakyan ará Kazakhstan dá sílẹ̀ ní 2011. N kò ní bá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó jà. Ṣùgbọ́n ṣé ojú fèrèsé ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ yóò máa gbà wọlé títí ayé? Ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ 15 mílíọ̀nù dọ́là lé Sci-Hub lórí ní 2017. Ọjọ́ tí wọ́n bá di fèrèsé náà pa, kí ni dókítà wa yóò kà?

Ẹ̀kẹta ni pé kò sówó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe máa ń rí ní ẹ̀ka àkáǹtì níbi gbogbo. Bí owó tí a retí kò bá pé, à á wo ibi tí a ó ti gé e. Bí a bá gé owó dísù, jẹnẹrétọ̀ á dákẹ́, àwọn ọ̀gá á sì bínú. Bí a bá gé owó mọ́tò, ọ̀gá á fẹsẹ̀ rìn. Bí a bá gé owó ìwé, ìwé kò ní ẹnu, kò lè ṣe ìwọ́de. Nítorí náà, ìwé ni à ń gé. Láti àwọn ọdún 1990 ni àjọ NUC ti pàṣẹ pé kí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí yunifásítì ń ná fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ máa lọ sí ilé ìkàwé. Àṣẹ wà, ta ló ń bèèrè ìṣirò rẹ̀?

Ní 1990, Nàìjíríà tún yá 120 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Bánkì Àgbáyé fún àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì fi lára rẹ̀ ra ìwé àti jọ́nà. Nígbà tí owó náà tán, jọ́nà dáwọ́ dúró. Jọ́nà kì í ṣe ohun tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan. Ó dà bí owó iná, oṣooṣù ló ń dé.

BÍ A ṢE LÈ RÀ Á

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń tajà ní Monday Market, ọjà tí iná jó ní oṣù kejì 2023 tí ẹ sì tún padà sí, ẹ̀yin lẹ mọ ìdáhùn ọ̀rọ̀ yìí ju àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Kò sí ẹni tó ń dá háyà tírélà láti Èkó nítorí báálì aṣọ méjì. Ẹ ó para pọ̀, ẹ ó da owó jọ, ẹ ó kó ẹrù gbogbo yín sínú ọkọ̀ kan. Bí ẹ bá sì lọ bá oníṣòwò ńlá, ẹni 20 ló ń nájà lẹ́ẹ̀kan; kò lè sọ iye tó bá wù ú fún yín.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìkàwé wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ bá òǹtẹ̀wé. Maiduguri dá lọ, Ìbàdàn dá lọ, Ifẹ̀ dá lọ, Nsukka dá lọ. Ọjà kan náà ni gbogbo wọn ń rà, ẹnì kan kò sì mọ iye tí ẹnì kejì san. Ibi tí òǹtẹ̀wé ti ń jẹ wá nìyẹn.

Íjíbítì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2016, ìjọba wọn ṣí ohun tí wọ́n pè ní Bánkì Ìmọ̀ Íjíbítì. Ìjọba bá àwọn òǹtẹ̀wé ńlá dúnàádúrà lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ará ìlú sì láǹfààní láti wọlé kà. Íńdíà náà tẹ̀lé e. Ní oṣù kọkànlá 2024, ìjọba wọn fọwọ́ sí 60 bílíọ̀nù rúpì fún 2025 sí 2027 láti ra nǹkan bí 13,000 jọ́nà lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé 30 fún ilé ẹ̀kọ́ gíga àti ilé ìwádìí ìjọba tó lé ní 6,300. Akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti olùwádìí tó máa jàǹfààní sún mọ́ 18 mílíọ̀nù. Ọmọ tó wà ní ìlú kékeré yóò ka ohun kan náà tí ọmọ Delhi ń kà.

Ẹni tó bá ní ti àwọn òyìnbó tàbí ti Íńdíà ni, kó lọ ka ìtàn ilẹ̀ tí a ń gbé yìí. Láàárín 1242 sí 1252, àwọn ará Kanem, ìjọba tí Borno ti ṣẹ̀ wá, ń gba Cairo kọjá lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n da owó jọ, wọ́n kó o fún adájọ́ kan tó ń jẹ́ Ibn Rashiq, ó sì fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún wọn níbẹ̀. Òpìtàn al-Maqrizi kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn tó ń fi ràkúnmí rìn ní aṣálẹ̀ mọ̀ pé àjùmọ̀dá owó ni a fi ń ra ìmọ̀. Kí ló dé tí àwa kò mọ̀ ọ́n?

Nàìjíríà kò sì tí ì jókòó lásán. TETFund, tí a dá sílẹ̀ ní 1993 gẹ́gẹ́ bí owó orí ẹ̀kọ́ tó sì gba orúkọ yìí ní 2011, ti gbé ètò TERAS kalẹ̀, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ti lè ka àkójọ ìwé EBSCO. Ìbẹ̀rẹ̀ rere ni, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni TETFund wà fún. Nọ́ọ̀sì tó wà nílé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ ní Biu ńkọ́? Àgbẹ̀ tó kàwé ńkọ́? Àwọn náà ń san owó orí.

TIWA ŃKỌ́?

Ohun kan tún wà tí kò ní ná wa ní dọ́là. Ní 1955 ni jọ́nà Odu bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí ìmọ̀ Yorùbá. Ní 1956 ni ẹgbẹ́ àwọn òpìtàn Nàìjíríà gbé tiwọn jáde. Ní 1983, Yunifásítì Maiduguri bẹ̀rẹ̀ Annals of Borno. Láti 1998 ni African Journals Online ti ń kó jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, Nàìjíríà ló sì ní èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. A kò yàgàn ìwé.

Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá fẹ́ gba ìgbéga, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ á ní kó mú jọ́nà òkè òkun wá. Ó di dandan kó kó iṣẹ́ tó dára jù lọ fún òyìnbó. Àwọn òyìnbó náà sì ti rí ọ̀nà mìíràn: ní 2021, jọ́nà Nature bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè 9,500 yúrò lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kí gbogbo ayé ka iṣẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a kò bá san án ní ẹnu ọ̀nà ìwọlé, a ó san án ní ẹnu ọ̀nà ìjáde. Àwọn onígbàjúẹ̀ náà kò gbẹ́yìn, wọ́n ń dá jọ́nà ayédèrú sílẹ̀, wọ́n ń gba owó olùkọ́ wa. Bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ là á fi bò ó jẹ. Tiwa ta, a gbé e fún ẹni ẹlẹ́ni pé kó bá wa jẹ ẹ́.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

Èkínní, kí ìjọba àpapọ̀ ra jọ́nà lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo Nàìjíríà, yunifásítì, pólì, ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ilé ìwòsàn àti ará ìlú, kí wọ́n sì gbé iye tí wọ́n rà á síta kí gbogbo ayé rí i.

Èkejì, kí NUC máa tẹ iye tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ná sórí ilé ìkàwé rẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Ẹni tí kò bá pé ìdá 10, kí orúkọ rẹ̀ hàn.

Ẹ̀kẹta, ìwádìí tí a bá fi owó TETFund ṣe, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì yunifásítì tó ṣe é, kí ìgbìmọ̀ ìgbéga sì ka jọ́nà ilé tó bá dára sí bí wọ́n ṣe ń ka ti òkè òkun sí.

Ẹ̀kẹrin ni tiwa. Ẹgbẹ́ wa máa ń kọ̀wé sí àwọn aṣòfin nítorí ọ̀nà àti iná. Kí a kọ èyí náà, kí a sì pe àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yòókù nínú Maiduguri, Kanuri, Hausa, Ìgbò, Bura àti Marghi, kí wọ́n fọwọ́ sí i pẹ̀lú wa, nítorí ilé ìkàwé kan náà ni gbogbo àwọn ọmọ wa ń wọ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onígègé nìkan. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ bá dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí dókítà ń wo ojú rẹ̀ tí kò mọ ohun tó ń ṣe é, ìdáhùn lè ti wà nínú jọ́nà kan láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a dákẹ́.

Kí ẹgbẹ́ wa máa gbòòrò sí i. Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà sí Borno, kí ó sì fi ọgbọ́n sórí àwọn tó ń ṣàkóso wa. Àṣẹ.